Sanwó Kó O Tó Rìn

Iṣẹ́ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí n kò rí irú rẹ̀ rí ní Isundunrin, ìlú wa: kéèyàn kó àlejò sẹ́yìn, kó máa nàka sí ilé onílé, kó máa ka ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó rà á àti ẹni tó kú síbẹ̀, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ sì sanwó fún un. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san án. Tó bá di ọjọ́ ìrìn, afinimọ̀nà á gbé agboòrùn kan sókè kí èrò má bàa sọnù, wọ́n á sì máa wọ́ tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń kó lọ wo ọgbà ẹranko. Wọ́n lè rìn fún odindi wákàtí mẹ́ta. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Àìkíni yìí ló ń ṣe mí ní kàyéfì jù. Nílé, ẹni tó bá kọjá níwájú ilé mẹ́ta láìkí àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó tún wá dúró tó ń wo òrùlé, kò ní dé ilé kẹrin kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó délé baálẹ̀. Bí wọn ò bá ní ó wá wọn ilẹ̀ tí ẹnì kan ti tà lábẹ́lẹ̀, wọ́n á ní àwọn olóṣèlú ló rán an. Àwọn ìyá tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ aráyé nìkan ni yóò rò pé bóyá ó ń wá ìyàwó ni, ó kàn fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ilé wọn wò.

Ìgbà tí àǹtí mi tó ń gbé Abidjan wá kí wa ni mo tó fi owó ara mi ra tíkẹ́ẹ̀tì irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ kò ní bi mí pé kí ni ọmọ Isundunrin ń wá ní Abidjan. Ayé àwọn bàbá wa àgbà ni wọ́n ti ń lọ sí Côte d'Ivoire. Títí dòní, bọ́ọ̀sì ń gbéra ní Èjìgbò, á gba Benin, Togo àti Ghana kọjá, á sì já èrò sí Abidjan. Ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan, ṣùgbọ́n á gbọ́ Yorùbá, á gbọ́ Faransé, á tún fi Jùlá pọ́n ọn lé. Tó bá dé ilé fún ọdún, owó sẹ́fà ni yóò kọ́kọ́ yọ jáde lápò, ẹni tó ń tajà l'Éjìgbò á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìwojú. Nínú ẹbí wa, èmi tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kà sí ẹni tó ṣìnà.

Ìrìn Brick Lane, ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni mo mú: ilé àtijọ́ àti oúnjẹ Éṣíà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ fún Àǹtí pé a ń lọ sóde. Wọ́n wọ léèsì, wọ́n wé gèlè. Nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo àwọn tó kù wọ ṣòkòtò jíǹsì àti bàtà kánfáàsì, wọ́n bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àwọn wo ni wọ́n ń gbé òkú wọn?"

Iwájú Christ Church ní Spitalfields la ti bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì funfun gàgàrà kan tí Nicholas Hawksmoor ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1714, tí wọ́n sì parí ní 1729. Afinimọ̀nà ní òfin kan jáde ní 1711 pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun 50 sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n bí 12 péré ni wọ́n rí kọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Àǹtí. Wọ́n mi orí tìyọ́nú-tìyọ́nú. "Kọngílá ti kó owó jẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì yí ojú kúrò lára ilé náà, nítorí wọn ò fẹ́ràn láti máa wo iṣẹ́ tí wọ́n jí owó rẹ̀.

A yà sí Fournier Street. Ibẹ̀ ni afinimọ̀nà ti rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí. Ó ní ní 1685, Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, fagi lé òfin tó ń dáàbò bo àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì sá wá sí àdúgbò yìí. Àwọn náà ni wọ́n ń pè ní Huguenot. Aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n ń hun, ìdí sì nìyẹn tí fèrèsé òkè àjà àwọn ilé náà fi fẹ̀ tó báyẹn, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó wọn fi ríran. Ó ní ẹ wo àlejò tó ń sọ Faransé, tí wọ́n ya bo àdúgbò, tí wọ́n ṣòwò, tí wọ́n kọ́lé ńláńlá síbẹ̀, tí àwọn onílé wá ń kùn. Gbogbo èrò ń kọ háà. Àwa méjì ń wo ara wa. Àwọn tó ń sọ Faransé, tí wọ́n ya bo àdúgbò, tí wọ́n kọ́lé ńláńlá síbẹ̀: ìyẹn kò ju àbúrò bàbá mi àti àwọn ọmọ wọn lọ.

Ilé tó sọ mí di ẹlẹ́rìí afinimọ̀nà náà wà ní nọ́ńbà 59, Brick Lane. Àwọn Huguenot ló kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ní 1743. Ọdún náà ṣì wà lára aago oòrùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀. Ní 1809, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ sọ àwọn Júù di Kristẹni. Akitiyan náà kò yọrí. Ní 1819, àwọn Mẹ́tọ́díìsì gbà á. Nígbà tó yá, àwọn Júù tó sá kúrò ní ìlà-oòrùn Yúróòpù kún àdúgbò náà dẹ́nu, wọ́n sì sọ ọ́ di sínágọ́ọ̀gù ní 1898, ilé kan náà tí ẹgbẹ́ yẹn ti ń wá bí wọ́n ṣe máa yí àwọn Júù lọ́kàn padà! Ní 1976, àwọn ará Bangladesh ṣe é ní mọ́sálásí, ó sì jẹ́ mọ́sálásí títí dòní. Kò sẹ́ni tó wó o. Ẹni tó bá wọlé á kàn yí ibi tí ó ń kọjú sí láti gbàdúrà padà, á tún ògiri ṣe, iṣẹ́ á máa lọ.

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Àǹtí ní kí ló tó èyí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún? "Ọdún 233 gbáko kí ẹ̀sìn tó yí ilé kan po? Nínú agbo ilé tiwa ńkọ́? Ìmàle ni bàbá mi, Onítẹ̀bọmi ni ìyá mi, bàbá mi àgbà kò sì jẹ́ kí ọdún Ògìyán kan fò wọ́n l'Éjìgbò. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, lọ́jọ́ kan náà." Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí, n kò sì sọ ọ́ síta, pé agbo ilé tí wọ́n ń wí yìí, a ti wó o. Ògiri alámọ̀ tó nípọn, tó máa ń tutù lọ́sàn-án gangan, a fi katapílà gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kì í kúkú ṣe àwa nìkan. Ilojo Bar l'Ékòó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di òkìtì àlàpà. Táwọn ará Brick Lane bá jẹ́ ọmọ wa ni, ibi tí nọ́ńbà 59 wà yìí, ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin ni ì bá wà níbẹ̀.

Oúnjẹ wá dé. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní samosa kan. Àǹtí ní, "Small chops kọ́ nìyí?" Mo ní òun ni. Wọ́n ní ṣé torí small chops tí wọ́n ń gbé kiri níbi gbogbo ìkómọ ni mo ṣe sanwó pọ́n-ùn? Àti pé ní Abidjan, nem, ti àwọn ará Vietnam, wà lójú pópó, tí wọ́n ń dín in sínú epo gbígbóná, kò sì sẹ́ni tó ń kọ́kọ́ sọ ìtàn ìran rẹ̀ féèyàn kó tó jẹ ẹ́. Afinimọ̀nà ń bá tirẹ̀ lọ: ọkùnrin ará Íńdíà kan, Sake Dean Mahomed, ló ṣí ilé oúnjẹ kọ́rì sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1810, nígbà tó di 2001, Robin Cook, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, dìde sọ pé chicken tikka masala ni ojúlówó oúnjẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rántí agolo kọ́rì ìyá mi. Láti kékeré mi, wọn kì í se ọbẹ̀ ìrẹsì ọjọ́ Àìkú láìbu kọ́rì àti táìmù sí i. Òyìnbó kó o ní Íńdíà, ó rọ ọ́ sínú agolo, ó tà á fún wa, àwa náà sì gbà pé oúnjẹ ilé wa ni. Wọ́n wá bu kọ́rì adìyẹ fún wa nínú abọ́ oníke tó tó ìdérí ìgò. Àǹtí jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń wo ẹ̀yìn afinimọ̀nà. "Ìtọ́wò nìyẹn. Oúnjẹ dà?"

Ní Brick Lane, ọkùnrin máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, á máa pe èrò wọlé pé òun á yọ nínú owó fún wọn. Àgbèrò ni wọ́n, àfi pé wọ́n wọ kóòtù. Ọ̀kan nínú wọn rí gèlè Àǹtí, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì pè wọ́n ní Auntie. Ó tán. Ẹni tó fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n láti àárọ̀ kò tíì sí ju òun lọ. Wọ́n dúró. Èmi di ògbufọ̀, nítorí Faransé kò sí lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò sì sí lẹ́nu tiwọn. Sylhet ló ti wá, bí ọ̀pọ̀ àwọn ará Bangladesh tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí bi í bóyá ó ti kọ́lé sílé. Ojú rẹ̀ tàn. Ó fa fóònù yọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé ni! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ òféefèé, òpó funfun lọ́wọ́ iwájú, gíláàsì búlúù, géètì tó ga ju ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ. Àǹtí náà fa tiwọn yọ, èyí tó wà ní Isundunrin: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òpó mẹ́fà, kìnnìún oníṣìmẹ́ǹtì méjì lẹ́nu géètì. Àwọn méjèèjì gbé fóònù ara wọn, wọ́n ń fi ìka fẹ àwòrán, wọ́n ń ka òpó. Ọkùnrin náà ní àwọn tó wà nílé ń pe irú òun ní Londoni, abúlé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kìkì ilé Londoni ni. Àǹtí bi í pé ta ló ń gbébẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni, òun fúnra òun ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Àǹtí ní ewúrẹ́ ló ń gbé tàwọn, yàrá kan làwọn ń háyà l'Ádjamé, ní Abidjan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, agboòrùn afinimọ̀nà ti yà ní kọ̀rọ̀, ìrìn tí mo sanwó rẹ̀ ti lọ láìsí wa. Ọkùnrin náà fa ìjókòó fún Àǹtí, ó sì gbé àwo ìrẹsì tó kún jáde, pẹ̀lú ẹran àgùntàn. Ó kọ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Látìgbà náà, Àǹtí ti ní a gbọ́dọ̀ ṣe irú ìrìn yìí ní Isundunrin, kí a gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́. Mo ti rò ó. Oúnjẹ Éṣíà kò ní wọ́n wa. Àwọn tó mọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn sọ pé iṣu funfun tí à ń gún, tí Òòṣà Ògìyán ò gbọdọ̀ ṣe aláìjẹ, ọmọ bíbí ilẹ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n ewùrà, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀nà Éṣíà ni wọ́n ti wá láyé ọjọ́un, mángòrò náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀jọ̀ ewùrà tí ìyá mi àgbà ń dín ní ìdí ààrò, oúnjẹ Éṣíà ni gan-an, wọn ò kàn gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa. Lálẹ́, a ó kó àlejò lọ sídìí tábìlì abókí, kí wọ́n jẹ Indomie oníyẹyin méjì. Ara Indonesia ni òun náà.

Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Bí a bá gbéra ní aago mẹ́jọ, tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, a ò ní tíì kúrò ní ilé kejì, nítorí ẹni tí a bá kí á béèrè ọmọ ta ni àlejò, á béèrè bóyá bàbá rẹ̀ wà láàyè, á sì ní kí wọ́n gbé àga wá. Kò tún sí ìtọ́wò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti yó ní ilé àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí ló ń ṣe é, wọ́n á gbé àgbo fún un. Nítorí náà, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun láti àárọ̀ àná.

Àǹtí fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, àmọ́ wọ́n ní àdéhùn kan: ilé tiwọn ni ìdúró tó kẹ́yìn, kí àwọn àlejò sì bá wọn ṣí fèrèsé gbogbo yàrá òkè. Ìyẹn wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ lé ewúrẹ́ jáde ní pálọ̀, owó ọ̀tọ̀ ni yóò san.