Ohun Tí Afàmu Fà Jáde Nínú Ọkọ̀ Bàbá Tíṣà

Ẹ bá mi sún àpótí yẹn síbí kí n rídìí gbé kalẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gba nǹkan dúró. Ohun tí mo bá rí láàárọ̀, tí mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún títí ilẹ̀ fi ṣú, ńṣe ni inú máa ń wú mi bíi tẹni tó jẹ ẹ̀wà tí ò jinná. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá Tíṣà ni. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ láì kọ́kọ́ kan ọmọ Ìyá Onífùfú, mi ò sì lè kan ọmọ Ìyá Onífùfú kí n má kan fùfú, torí fùfú ló bí gbogbo ẹ̀.

Lọ́nà tiwa níbí, láti Olódò lọ sí Ìyànà-Ọ̀fà títí kan Lálúpọn, kì í ṣe èèyàn nìkan ní ń wọkọ̀. Ewúrẹ́ tó ń lọ sọ́jà, èrò ni. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí wọ́n fọ̀rá dí lẹ́nu, èrò ni, òun a tiẹ̀ ti máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Fùfú tútù inú àpò sì ni olórí wọn. Omi ẹ̀ á rọra kán sí rọ́ọ̀gì, á gba abẹ́ rọ́ọ̀gì wọ tìmùtìmù àga, ó di onílé nìyẹn. Ẹ wá páàkì ọkọ̀ ọ̀hún sóòrùn, kẹ́ ẹ wé gíláàsì ẹ̀ sókè. Ìyàwó wa kan tá a sìn lọ sílé ọkọ ní Àkànràn, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ la fi gbé e. Láti Ìwó Road títí a fi débẹ̀ ló fi ìborùn bo imú, tí omi ń dà lójú ẹ̀. Àwọn àna rò pé ẹkún ìyàwó ló ń sun. Wọ́n ní ọmọ yìí mọ àṣà, wọ́n sì tún fowó lé owó fún un.

Kí n má lọ jìnnà. Ọmọ Ìyá Onífùfú yìí, ọmọ tó níwà ni, kò fi ibì kankan jọ bàbá ẹ̀ (ẹ má ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o). Ó lọ dá iṣẹ́ ọkọ̀ fífọ̀ sílẹ̀ ní Mọ́níyà, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ṣí lóṣù kẹfà ọdún 2021. Ó ní àwọn tó ń wá pàdé àlejò Èkó níbẹ̀ kì í fẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí nínú ọkọ̀ àwọn. Ìta ọkọ̀, ó mọ̀ ọ́n fọ̀, ẹ lè fi wojú. Inú ọkọ̀ ló ń dójú tì í. Á kó búrọ́ọ̀ṣì, á da Omo sí korobá omi, á gbo ó, á gbo ó, á fi àkísà nù ún. Lọ́jọ́ kejì, òórùn ọṣẹ. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn ajá tí òjò pa. Oníbàárà kan tiẹ̀ gbé ọkọ̀ padà wá, ó ní kó wá wo olú tó hù lábẹ́ àga ẹ̀yìn, pé ṣé kóun ká a sọ́bẹ̀ ni.

Omi tó ń dà síbẹ̀ ni kò rọ́nà jáde. Òkè ni àkísà ń nù. Ohun tó ti wọ inú tìmùtìmù, àkísà ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Omi àná, ọṣẹ àná, fùfú ọdún tó kọjá, gbogbo wọn jọ sùn lábẹ́ níbẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ kan fún un. Extractor lòyìnbó ń pè é. Ìyàwó Bọ̀dá Kápẹ́ńtà ní "ẹsitírátọ̀" ni, ọkọ ẹ̀ ní "tírátọ̀" ni, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ torí ẹ̀ jà. Táńkì méjì ló ní. Á fín omi ọlọ́ṣẹ láti inú ọ̀kan sínú aṣọ àga, lójú ẹsẹ̀ náà láá fa omi yẹn padà tòun tìdọ̀tí ẹ̀ sínú ìkejì.

Àǹtí ọmọ náà tó wà ní Houston gbọ́, ó fi kékeré kan ránṣẹ́. Bissell ló ṣe é, Little Green lorúkọ ẹ̀, aláwọ̀ ewé ni, ó kéré débi pé táńkì ẹ̀ ò gbà tó lítà kan ààbọ̀. Ọjọ́ tó dé, gbogbo agboolé jáde. Bàbá Tíṣà ní kí ọmọdé kankan má fọwọ́ kàn án, pé òun tóun fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ wọn ní fisíìsì lòun máa tàn án. NEPA wà lọ́jọ́ náà, iná mọ́lẹ̀ kedere. Bàbá ki ẹ̀rọ bọ iná. Ẹ̀rọ ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, èéfín yọ, ó dákẹ́. Fóótì 120 ni iná Amẹ́ríkà, tiwa 230. Wọ́n kọ ọ́ sídìí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Ká ní Bàbá yí i wò ni, ì bá mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń bu iná kù ló yẹ kó wà láàárín. Tíṣà fisíìsì ò yí i wò.

Kójú má bàa tì í, ó fìtàn bò ó. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹnjiníà kan wà ní Lọ́ńdọ̀n, Hubert Cecil Booth, tó rí ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn lu eruku kí eruku lè fò lọ. Booth ní kí ló dé tẹ́ ò máa fà á dípò kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó bá wọ ilé oúnjẹ kan lọ, ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí àga, ó fẹnu lé e, ó sì fà á. Nígbà tó máa ṣí áńkáṣíìfù, abẹ́ ẹ̀ ti dúdú. Ọdún 1901 ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ tiẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ọ̀hún tóbi tó fi jẹ́ ẹṣin ló ń wọ́ ọ kiri. Ojú títì ni wọ́n ń gbé e dúró sí, wọ́n á wá na rọ́bà gba ojú fèrèsé wọlé onílé. Lọ́dún 1902, òun ni wọ́n fi tọ́jú rọ́ọ̀gì ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey nígbà tí wọ́n fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé.

Ìyá Àgbà, tá a rò pé wọ́n ti sùn, lajú. Wọ́n ní, "Òyìnbó wo ló ń fẹnu fa àga? Ebi ń pa á ni? Afàmu!" Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe ẹ̀rọ náà ní tírátọ̀ mọ́. Afàmu ló ń jẹ́.

Ó wá ku kọ́mọ wa fowó ara ẹ̀ ra òmíràn. Mo tẹ̀ lé e lọ sí Dùgbẹ̀, mo ní mo fẹ́ ra òwú ìdirun, irọ́ ni, mo fẹ́ fojú ara mi rí i ni. Ọmọ yìí gbé tìmùtìmù àga ògbólógbòó kan há abíyá wọkọ̀. Gbogbo èrò ń wò wá, wọ́n rò pé ilé ni wọ́n ti lé wa jáde.

Oníṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tan tiẹ̀, ó ń fín omi ṣàà, ṣàà, bí ẹni ń fín kòkó. Ó ní ẹ wo agbára! Ọmọ wa ò tiẹ̀ wò ó. Ó da ìgò omi kan gbáko sínú tìmùtìmù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fa omi mi padà." Wọ́n fà á títí. Ó da ohun tó wà nínú táńkì padà sínú ìgò, kò dé ìdajì. Oníṣọ́ọ̀bù ní omi yòókù á gbẹ fúnra ẹ̀. Ọmọ ní, "Ó ń gbẹ fúnra ẹ̀ nílé náà sà, olú ló ń hù." Ṣọ́ọ̀bù kejì sàn díẹ̀, àmọ́ ẹnu tó fi ń fà ò fojú hàn, èèyàn ò lè rí àwọ̀ omi tó ń kọjá, ẹ ò ní mọ̀gbà tí àga mọ́. Ní ìkẹta, omi padà dé ọrùn ìgò. Ó mú tìmùtìmù, ó fi lẹ̀ mí lẹ́rẹ̀kẹ́ láàárín ọjà. Ó tutù, àmọ́ omi ò kán.

Ti Jámánì nìyẹn, Kärcher, Puzzi 10/1. Táńkì omi mímọ́ ẹ̀ ń gba lítà 10, ti ẹlẹ́gbin ń gba 9, wáàtì 1250 sì ni mọ́tò tó fi ń fà. Wọ́n dá owó lé tuntun ẹ̀, mo wojú ọmọ, ọmọ wojú mi. Èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fowó yẹn fa màlúù kan jáde ní kárà Akínyẹlé. Tòkunbọ̀ wà nílẹ̀, ti Lọ́ńdọ̀n, mo ní ká ranjú mọ́ ìdí ẹ̀ kó tó tún di ti Houston. Iná Lọ́ńdọ̀n àti tiwa dọ́gba, ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun ló tiẹ̀ wà lórí púlọ́ọ̀gì ẹ̀, sókẹ́ẹ̀tì wa gbà á wọlé bí ọmọ ìyá. Èyí tó ń gbóná omi fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ ní rárá, ìyẹn máa jẹ iná lápọ̀jù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nísọ̀ ẹ̀, I Better Pass My Neighbour yẹn, kò lè gbé kílówáàtì kan láéláé. Ó tà á, ó fowó kún un, ó ra èyí tó jù ú lọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àdògán ìyá ẹ̀ ló ti ń bù ú.

Ìyá ẹ̀ náà ló fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó rí táńkì, ó da Omo ẹ̀kún ọwọ́ sí i kí ọmọ òun má bàa ṣòfò. Ìfófòó ru wá sínú táńkì kejì bí ògì tó hó bo ìkòkò, ó ń wá ọ̀nà mọ́tò lọ. Ọmọ sáré pa iná. Ọṣẹ tí kì í hó púpọ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń lò, díẹ̀ sì ni. Tẹ́ ẹ bá fi ọṣẹ sílẹ̀ nínú àga, á di àtè, gbogbo erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Lálúpọn á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá fọ̀ ọ́ tán báyìí, omi lásán ló fi ń ṣan án, á wá fà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láì fín nǹkan kan.

Ẹ̀hẹ́n. Bàbá Tíṣà.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, aago mẹ́rin kì í lù kí wọ́n má ki kọ́kọ́rọ́ bọ Corolla wọn. Ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń lọ, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Owó ò sì sí. Ìyá Tíṣà béèrè owó ọbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì ò tíì wọlé. Ìyá Tíṣà béèrè owó aṣọ ìkórè, ìjọba ni kí wọ́n lọ bi. Nígbà tí ìkórè wá kù ọ̀la, ìyá ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ tó ń rùn lọ síwájú Ọlọ́run, wọ́n ránṣẹ́ pe Afàmu. Bàbá ní ọkọ̀ òun mọ́. Bàbá ní omi á ba wáyà jẹ́. Ọmọ ní, "Ẹ má mikàn sà, mi ò ní fomi kan wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wà lábẹ́ àga iwájú, ti báàgì atẹ́gùn ni. Mi ò sì ní kan àjà ọkọ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, tó bá rin, á já bò yín lórí." Bàbá ò rí àwáwí kan mọ́.

Ohun gbígbẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó, torí Afàmu kì í jẹ òkúta. Ọmọ tẹ́ àpò sàkì sílẹ̀, ó ń kó o síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èèpo ẹ̀pà. Ìyẹ́ adìyẹ. Ìlàrun kan. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ kan. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ, mo kà á, ó jẹ́ méjìlá. Àádọ́ta náírà mẹ́rin tí wọ́n ká roboto bí èyí téèyàn ń nà sí kọ́ńdọ́. Èmi ti dákẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ní ohun tó ń pa mí lẹ́nu mọ́.

Ó wá tan ẹ̀rọ. Ẹnu tó fi ń fà, bíi gíláàsì ló rí, gbogbo wa ló ń wo omi tó ń kọjá. Àga ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, omi pupa, epo ni. Àárín, omi funfun tó kan, Ìyá Onífùfú na imú sókè, ó ní, "Ọwọ́ mi nìyí!" Lọ́wọ́ òsì, omi dúdú bí aró. Táńkì lítà mẹ́sàn-án kún, ó dà á nù, ó tún kún.

Ìyá Tíṣà ò pariwo. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó ti korobá omi ẹlẹ́gbin náà, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń ka lẹ́tà. Wọn ò gbójú sókè tí wọ́n fi ní, "Bàbá wa, èló ni wọ́n ń gbà láti Ìwó Road dé Lálúpọn báyìí?"

Bàbá Tíṣà ní, "Ti àárọ̀ ni àbí ti ìrọ̀lẹ́?"