Ọjọ́ Tí Mo Fọ́máàtì Bàbá Mi

Ní agbo ilé wa ní Ìsundúnrin, èmi ni wọ́n gbà pé mo mọ kọ̀ǹpútà. Ohun tó fà á kò ju pé mo máa ń bá wọn ra dátà sórí fóònù. Oyè náà dùn mọ́ mi, n kò sì já wọn nírọ́, títí Ìyá Àbíjàn fi gbé agolo bísíkíìtì kan wá bá mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Àbíjàn. Bí ọ̀pọ̀ ará agbègbè Èjìgbò, Àbíjàn ni wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣòwò, ní Treichville, kí wọ́n tó padà wálé. Bí inú bá ń bí wọn, Faransé ni wọ́n fi ń bú èèyàn. Flọ́pì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí láyé àtijọ́, ló kún inú agolo náà. Bàbá mi ni akọ̀wé ìpàdé mọ̀lẹ́bí nígbà ayé wọn. Ní 1999, wọ́n gbé ìtàn ìdílé wa tí wọ́n fọwọ́ kọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Èjìgbò, àwọn yẹn sì tọ́jú ẹ̀ sórí flọ́pì. Ìwé àfọwọ́kọ ti di oúnjẹ ikán. Àwọn ọmọ tí a bí sí Àbíjàn ló wá ń bèèrè ibi tí a ti ṣẹ̀ wá.

“Ìyẹn ò le, Ìyá,” ni mo wí. Mo gbé agolo náà lé orí sípíkà mi, ó sùn síbẹ̀. Òòfà wà nínú sípíkà. Agbára òòfà ni wọ́n fi ń kọ̀wé sára flọ́pì, òun náà ló sì lè pa á rẹ́.

Mo ránṣẹ́ sí Computer Village n'Ìkẹjà fún ẹ̀rọ tó ń kà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín wa o: Sony tó gbé irú flọ́pì yìí jáde ní 1981 ṣíwọ́ títà á ní Japan ní 2011, síbẹ̀ 2024 ni ìjọba Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú òfin wọn tán.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mú, “ÌTÀN” ni bàbá mi kọ sára rẹ̀. Mo ti irin pẹlẹbẹ ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: inú rẹ̀ ti bu, ó funfun bí ẹ̀kọ tó ti kan. Mo da lọ́fínńdà sí áńkáṣíìfù, mo fi nù ún, torí mo gbọ́ pé sípírítì wà nínú lọ́fínńdà. Mo tì í bọnú ẹ̀rọ. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, gbọ̀ọ́! Ìdọ̀tí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú tí ẹ̀rọ fi ń kàwé, mo bá tún ki òmíràn bọ̀ ọ́, ìyẹn náà họ. N kò ronú. Mo tún ki òmíràn.

Ìkan wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní díìsì yìí kò ní fọ́máàtì, ṣé kí òun fọ́máàtì rẹ̀? Mo rò pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán lọ, mo bá tẹ èyí tó yá jù, Quick Format. Ó parí kíákíá. Mo ṣí i: òfìfo.

Ike kékeré kan wà ní igun flọ́pì tí èékánná lè tì. Bí ihò rẹ̀ bá là sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lè kọ nǹkan sí i, kò sì lè fọ́máàtì rẹ̀. Mo ti rí ike yẹn. Mo ṣebí ọ̀ṣọ́ ni.

“Ó ń lóòdù lọ́wọ́, Ìyá.” Ó lóòdù títí oṣù fi lé.

Nígbà tí ojú tì mí tán, mo kó gbogbo rẹ̀ tọ ẹ̀gbọ́n kan lọ ní Òṣogbo tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n gbé “ÌTÀN” sí imú. “Ta ló fín lọ́fínńdà sí i?” Mo wolẹ̀. Wọ́n fi òwú àti ojúlówó sípírítì nu ojú ẹ̀rọ, wọ́n wá da èyí tí mo fọ́máàtì kọ látòkèdélẹ̀, gbogbo ẹ̀ka 2,880, wọ́n sì gbé flọ́pì fúnra rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀dà ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní Quick Format kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àkójọ tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà ló ń nù. Ká ní mo ní sùúrù, tí mo fọ́máàtì rẹ̀ délẹ̀ ni, ó parí.

Àmọ́ nígbà tí ìwé inú rẹ̀ ṣí, bí àfọ̀ṣẹ ni. Lásìkò tí wọ́n tẹ ìwé náà, àwọn tó ṣe lẹ́tà Yorùbá sí kọ̀ǹpútà máa ń fi ẹ, ọ àti ṣ jókòó sáyè àmì mìíràn. Bí lẹ́tà wọn ò bá sí lórí ẹ̀rọ rẹ, àmì yẹn ni wàá rí. Àmì owó pọ́n-ùn ló wà níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń méfò, títí àkọlé fi jáde: ORÚKỌ ÀWỌN TÍ KÒ TÍÌ SAN OWÓ AṢỌ ẸBÍ.

Ìtàn ìdílé ńkọ́? Ara èyí tó gba lọ́fínńdà ló wà. Ojú ewé kan ààbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣì rí yọ.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àbíjàn, mo wá ka orúkọ àwọn ajigbèsè sí wọn létí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé àwọn mọ̀, títí mo fi kan orúkọ tiwọn, pẹ̀lú gbèsè tí bàbá mi ṣírò sí owó sẹ́fà.

Wọ́n dákẹ́. “Èyí tó o kọ́kọ́ tẹ̀ yẹn,” ni wọ́n wí, “lọ tún un tẹ̀.”