Àbá Mi fún Àwọn Àgbà Python

Ẹ gba Herbert Macaulay ní Yaba kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fetí sí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Ẹ ó rò pé ogún ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Rárá o. Nǹkan tuntun ni wọ́n fẹ́ fi kún èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

Irú awuyewuye bẹ́ẹ̀ ti lé baba kan kúrò lórí àga rí. Guido van Rossum, ará Netherlands tó gbé èdè Python jáde ní 1991, ni wọ́n fi joyè apàṣẹwàá onínúure títí ayé. Ní 2018, ó fọwọ́ sí àbá 572, pé kí àmì := wọ inú èdè náà, kí ènìyàn lè sọ nǹkan lórúkọ, kó sì lò ó lórí ìlà kan náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bú baba, wọ́n bú u, títí ó fi sọ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje pé òun ò ṣe mọ́. Apàṣẹwàá! Títí ayé! Kólọ́ọ̀nù lásán! Àwọn olórí tiwa ńkọ́, tí òkò gan-an ò lè gbé nídìí? Ẹni márùn-ún tí wọ́n dìbò yàn ló ń tukọ̀ Python báyìí.

Mo ń jowú wọn. Ẹni tó bá ní àbá á kọ ọ́ sílẹ̀ tìdítìdí, títí kan èyí tí wọ́n kọ̀ àti ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ní Abuja tiwa, ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 2024. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 29, ó ti dòfin.

Èmi náà ní àbá. Òótọ́ àti irọ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀, èyí ò sì bá Èkó mu. Ẹni tó ṣì ń wá ṣòkòtò nínú yàrá ní Mushin, tó ní òun ti dé Ojúẹlẹ́gba, ṣé òótọ́ ló sọ? Ó tì. Ṣé irọ́ ni? Ẹ má bú ọmọ ọlọ́mọ. Ọkàn rẹ̀ ti wọ dáńfó. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀kẹta kún un: “mo ti wà lójú ọ̀nà.” Àwọn onímọ̀ á ní Python ti ní None. None wà fún ohun tí kò sí. Télọ̀ mi ní aṣọ wà, bọ́tìnnì ló kù.

Ẹ̀yin ọmọ Yaba tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àbá, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn márààrún. Ẹni tó bá sì fẹ́ takò mí, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bú mi.