Bọ́mọdé Bá Ṣubú, Tíṣà A Wo Kámẹ́rà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò fà á dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ẹ forí jì wọ́n, wọn kò ní fóònù. Láyé tiwa yìí, bí ọmọdé bá ṣubú nínú kíláàsì, tíṣà rẹ̀ a ní, "Dúró bẹ́ẹ̀ ná, má tíì dìde, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́."

Irú fídíò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń wo TikTok ní Nàìjíríà. Ọmọ Pírámárì 4 kan dúró níwájú pátákó, bọ́tìnì àárín ẹ̀wù rẹ̀ ti já, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Tíṣà tí a kò rí ojú rẹ̀ bi í pé, "Méje lọ́nà mẹ́jọ?" Ọmọ wo àjà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Mẹ́rìnlélógójì." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí aago ìsinmi tó lù, orin ti wà lábẹ́ fídíò, àkọlé ti wà lórí rẹ̀: "Ẹ wo ohun tójú wa ń rí!" Nígbà tó máa fi di alẹ́, àwọn tí kò mọ ilé tí ọmọ náà ń gbé ti ń bú ìyá rẹ̀.

Ṣé kò yẹ ká bi tíṣà léèrè pé ta ni ìjọba ń sanwó fún láti kọ́ ọmọ yẹn ní ìṣirò? Alágbẹ̀dẹ wo ló ń gbé ọkọ́ tí kò mú lọ sọ́jà, tó tún ń pe èrò jọ pé kí wọ́n wá bá òun fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Bó bá jẹ́ ilé ìwé aládàáni ni, ọ̀gá wọn a ní ìpolówó ni, àwọn òbí sì ti fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé, láàárín owó yúnífọ́ọ̀mù àti owó ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́, ní lẹ́tà tí ẹni tó ní awò ojú méjì kò lè kà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò kẹ̀rẹ̀. TikTok, Facebook àti Instagram ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì. Ọmọ ọdún 9 a ní ọdún 1990 ni wọ́n bí òun, bàbá rẹ̀ ló sì bá a tẹ̀ ẹ́. Bó bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì, á ki fóònù bọ ìbọ̀sẹ̀. Tíṣà tó tòògbé lọ́sàn-án gangan, a di sítíkà lórí WhatsApp. Ìgbà yìí ni ilé ìwé á rántí pé òfin wà. Ìgbìmọ̀ ìbáwí á jókòó, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á lé ọmọ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló ka ẹ̀sùn? Tíṣà Méje-lọ́nà-mẹ́jọ ni.

Bẹ́ẹ̀, òfin tó mú ọmọ mú àgbà pẹ̀lú. Lóòótọ́, fóònù tí wọ́n bá ká mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC lè mú kí wọ́n wọ́gi lé gbogbo èsì rẹ̀. Àmọ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ní kí a gba àṣẹ òbí ká tó lo dátà ọmọ, àwòrán ojú tí èèyàn fi lè dá ọmọ mọ̀ sì wà lára rẹ̀. Àjọ TRCN tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, lágbára láti yọ orúkọ olùkọ́ tó bá hùwà àìtọ́ kúrò nínú ìwé.

Ẹ̀yìn tí òwe ní kí àgbà wò ni a kọ̀ tí a ò wò. Tíṣà lè pa fídíò rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, kò lè pa á rẹ́ lórí fóònù gbogbo ayé. Ọmọ yẹn yóò mọ méje lọ́nà mẹ́jọ lọ́jọ́ kan. Yóò wáṣẹ́, yóò wáyàwó, fídíò á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó san owó táàmù tó ń bọ̀, ẹ ní kí ilé ìwé fún yín ní òfin fóònù wọn ní kíkọ. Ta ló lè ya ọmọ mi? Níbo ni yóò gbé e sí? Ìgbà wo ni yóò yọ ọ́ kúrò? Kí ni ìjìyà tíṣà tó bá rú u? Bí wọ́n bá ní ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló wà, ẹ dá fọ́ọ̀mù wọn padà láìfọwọ́ sí i.