Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹ̀yin Tí Ń Ra Pósíkáàdì Àtijọ́ Ilẹ̀ Họ́láńdì

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó dáwọ́ dúró, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò fẹ́ ariwo ẹnu. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà kò ní wà nídìí páálí bàtà tí wọ́n kó àlòkù sí, kí n máa wo ọmọ tó ní ìyá, tó ní bàbá, tó ń ka owó yúrò sílẹ̀ lórí àwòrán ọlọ afẹ́fẹ́, kí n sì fọwọ́ lẹ́rán.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí yín kò pọ̀, àmọ́ ó wúwo. Àtojúbọ̀ ni iṣẹ́ yín. Ẹ lè wọ ìbọ̀wọ́ funfun, kí ẹ ra awò tí ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ máa pe ara yín ní olùtọ́jú ohun ìtàn; ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ lẹ ń kà. Ìyá kan ní Haarlem ló kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní 1908 pé ikọ́ òun ti ń lọ sílẹ̀. Kò kọ ọ́ sí yín. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọn yóò bí yín. Ẹ wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ń yí káàdì oníkáàdì síwá sẹ́yìn, ẹ sì ń bi ara yín bóyá ikọ́ náà lọ lóòótọ́. (Ó lọ, ẹ má dààmú. Èmi ni mo ra káàdì tó tẹ̀lé e.)

Mi ò ní da ẹ̀bi náà lé yín lórí nìkan o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan yìí ti wà níta gbangba. Ilẹ̀ Ọ́síríà òun Họ́ńgárì ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1869. Họ́láńdì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1871. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀ nígbà náà. Àdírẹ́sì wà lójú kan, ọ̀rọ̀ wà lójú kejì, sẹ́ǹtì méjì ààbọ̀ ló sì ń gbé e kárí ilẹ̀ wọn. Kò ní àpòòwé. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kà á, ẹni tó ń gbé lẹ́tà kiri kà á, ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà náà kà á kó tó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin kàn jogún ipò wọn ni.

Nígbà tí àwòrán wá gbòde, bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe ń parí lọ, ó gba gbogbo ojú kan, òfin sì ní àdírẹ́sì nìkan ni ẹ̀yìn wà fún. Ibo ni èèyàn yóò wá kọ ọ̀rọ̀ sí? Orí àwòrán náà ni. Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí, Dordrecht ni, tí wọ́n ya ilé ìjọsìn ńlá ìlú náà láti orí omi. Ẹni tó kọ̀wé bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó kọ ọ́ títí dé ibi ilé ìṣọ́ tí aago mẹ́rin wà lórí rẹ̀, àyè há, ó rọra yí ìlà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ aago kọjá, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sínú odò, láàárín ọkọ̀ ojú omi méjì. Nǹkan bíi 1905 ni Họ́láńdì tó gbà kí wọ́n pín ẹ̀yìn káàdì sí méjì, apá òsì fún ọ̀rọ̀, apá ọ̀tún fún àdírẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é láti 1902. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi káàdì tí ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì hàn yín, tó ní 1898 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè àlàáfíà ìdílé rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ìfìwéránṣẹ́ ìgbà náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìkíni tó wà lára káàdì kò bá ju márùn-ún lọ, owó ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ìyẹn sì kéré sí owó pósíkáàdì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àìmọye káàdì tí kò sí nǹkan lórí wọn ju “hartelijke groeten” lọ, ìkíni àtọkànwá, pẹ̀lú orúkọ. Ẹ má sọ pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ọmọ Yorùbá wo ló lè fi ọ̀rọ̀ márùn-ún kí èèyàn? Ká tó béèrè ará ilé, ká tó béèrè ọmọ, ká tó kí ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, owó ti di ti lẹ́tà, lẹ́tà ti di ti ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jáde kí n tó sọ èyí tó kàn. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà, tí bàbá wọn ń ka Bíbélì sí wọn létí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn gbogbo ojú tó ń ka káàdì wọn. Wọn á lẹ sítáǹpù ní ìdàkejì, wọn á dorí rẹ̀ kodò, wọn á jẹ́ kó dagun. Bó bá ṣe tẹ̀ sí ló ní ohun tó ń wí. Mo fẹ́ ọ. Mò ń retí èsì. Gbàgbé mi. Wọ́n tilẹ̀ tẹ káàdì ìtumọ̀ tà, tí wọ́n to sítáǹpù sí lóríṣiríṣi ọ̀nà, pẹ̀lú àlàyé lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ìtumọ̀ káàdì kan kò bá ti èkejì mu. Ó ṣeé ṣe kí ọmọkùnrin kan ní Utrecht fi sítáǹpù sọ pé òun ń bọ̀ wá fẹ́ ìyàwó, kí ọmọbìnrin náà wo ìtumọ̀ tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ ní Zwolle, kó rí i pé wọ́n ti kọ òun sílẹ̀. Ta ni yóò parí ìjà yẹn? Nítorí èyí, ẹni tó bá fi omi bó sítáǹpù kúrò lára pósíkáàdì, ẹ̀rí ló pa run. Àwọn tí ń kó sítáǹpù jọ ti ṣe é ṣe é. Ẹ lè máa kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ yín fún wọn.

Ẹ̀sùn kejì: gbogbo ohun tí wọ́n bá yà ni ẹ ń gbà gbọ́. Ẹni tó bá fi pósíkáàdì nìkan mọ Họ́láńdì á rò pé bàtà onígi ni gbogbo wọn ń wọ̀ lọ sí báńkì. Volendam àti erékùṣù Marken ni wọ́n kàn ń yà ní àyàtúnyà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò ń wọ́ lọ. Ilé ìtura Spaander ti ń gba àwọn ayàwòrán lálejò ní Volendam láti 1881. Obìnrin onífìlà funfun tí etí rẹ̀ méjèèjì ká sókè, apẹja tó wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, ọmọ Marken tó wọ yẹ̀rì, tí ẹni tó rà á kò sì mọ̀ pé ọkùnrin ni, nítorí tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń wọ yẹ̀rì fún níbẹ̀ ní kékeré nígbà náà. Henri Cassiers, tó wà lára àwọn tó ya wọ́n dáadáa jù, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni. Púpọ̀ nínú àwọn káàdì náà, Leipzig ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, lọ́dọ̀ Dr. Trenkler & Co. Kí ẹ tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ rántí Hollandis tó wà nínú àpótí ìyá yín: àrà àwọn ará Jáfà ni wọ́n wò ṣe é, Vlisco tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond ní 1846 ló ń tẹ̀ ẹ́, àwa la sì ń wọ̀ ọ́ lọ òde ìyàwó.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí mi ò lè fi bá yín ṣeré. Ní 1932 ni wọ́n parí ìdènà omi tí wọ́n ń pè ní Afsluitdijk, Zuiderzee tí àwọn ará Volendam ti ń pẹja sì di adágún. Ní 1957 wọ́n la ọ̀nà dé Marken, kì í ṣe erékùṣù mọ́. Àwọn ọkọ̀ apẹja tí ẹ ń rí lórí káàdì 1910, orí òkun tí kò sí mọ́ ni wọ́n wà. Afárá ìgbafẹ́ Scheveningen, tí wọ́n ṣí ní 1901, tí àwọn olówó ń fi agbòòrùn rìn lórí rẹ̀, iná jó o ní 1943. Rotterdam ló wá burú jù. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún 1940 ni ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí àárín ìlú náà, iná sì jó ohun tí bọ́ǹbù fi sílẹ̀. Ilé gíga Witte Huis ti 1898 ṣì dúró di òní. Ṣọ́ọ̀bù ńlá Bijenkorf, tí Dudok yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1930, kò pé ọdún mẹ́wàá dáadáa kí bọ́ǹbù tó bà á jẹ́. Lórí káàdì, gíláàsì rẹ̀ ṣì ń dán, èrò ń sọdá, ọkùnrin kan di fìlà rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn. Mo máa ń gbé awò lé ọkùnrin yẹn lójú kí n lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ta ló bi mí?

Ó dáa, ká padà sórí ìwà ọmọlúàbí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé awò lé ojú ọ̀run inú àwòrán náà. Bí ẹ bá rí àmì kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, ó sì lè jẹ́ àtúntẹ̀ àìpẹ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ hóró wẹ́wẹ́ tí kò létò, “lichtdruk” nìyẹn, ìtẹ̀ orí gíláàsì tó gbilẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé. Bí kò bá sí hóró rárá, tí dúdú kàn ń yọ́ wọnú funfun, fọ́tò gidi ni. Ẹ dà á sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá etí rẹ̀ ń tàn bíi fàdákà. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú: sẹ̀ǹtímítà 9 sí 14 ni ti àtijọ́. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan kan. Ẹ má fi í sínú ọ̀rá PVC, oje rẹ̀ ń ba fọ́tò jẹ́.

Ní ti iye owó, gbàgede Dam ní Amsterdam kò wọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ rẹpẹtẹ. Ọbabìnrin Wilhelmina tó gbé Juliana, tí wọ́n bí ní 1909, lọ́wọ́ kò wọ́n. Ohun tí yóò náni lówó ni abúlé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tí oníbúrẹ́dì dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ajá, tí wọ́n tẹ ìwọ̀nba rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Bí ajá bá ti wà níbẹ̀, owó lé. Àwọn tó fẹ́ràn ọmọdé tí Rie Cramer yà ní ọjà tiwọn. Mi ò bá wọn jà.

Ní Ọjọ́ Ọba, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, tí gbogbo Họ́láńdì ń tẹ́ àlòkù sójú títì láìgba ìwé àṣẹ, àwọn ọmọdé ló máa ń jókòó ti páálí ìyá àgbà wọn. Ẹ má yan ọmọdé jẹ. Bó bá ní yúrò kan ni gbogbo rẹ̀, ẹ ní kó pe ìyá rẹ̀ wá. Mo mọ̀ pé inú yín ń sọ pé kí ló kàn wá. Inú yín gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin ọkọ pẹ̀lú, ẹ yéé sọ fún ìyàwó pé ẹnì kan ló fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí ń gba ẹ̀bùn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ó ku ti òǹtẹ̀. Nígbà míì, àwòrán lè máà jẹ́ nǹkan kan, kí òǹtẹ̀ roboto kékeré ti ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé wà lórí sítáǹpù, kó mọ́ kedere, kí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé. Ẹni tó ń tà á kì í fi gbogbo ìgbà wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, pàápàá ti erékùṣù Vlieland tàbí Schiermonnikoog, ẹ má pariwo, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sáré rà á, ìwọra ni. Ẹ rọra tì í sísàlẹ̀ páálí níbi tí ojú kò ti ní tètè dé, ẹ rántí ẹni tó kọ́ yín, kí ẹ sì pè mí lórí fóònù. Mi ò ní pẹ́ dé.