Táyé Ló Gba Káàdì Pupa, Kẹ́hìndé Ló Jókòó Nílé

Ẹ sún mọ́ ibí, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé pariwo. Ẹ má bi mí pé àdúgbò wo ni, ẹ má sì bi mí pé ọmọ ta ni, nítorí ọwọ́ mi ni ìyá wọn ti ń ra ọṣẹ. Àwọn ìbejì kan wà ní Anié níbí, ní Tógò wa, agbábọ́ọ̀lù ni àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ Àìkú kan, inú bí Táyé, ó fi orí gbá ẹni tó ń ṣọ́ ọ nímú. Rẹfirí fa káàdì pupa yọ, carton rouge tí àwọn ọmọ wa ń pè é, ó ní kó máa lọ. Ó burú, ṣùgbọ́n inú ń bí èèyàn, ọmọdé sì ni. Ọ̀sẹ̀ kejì pé, mo dé etí pápá, ta ni mo rí tó ń sáré lápá òsì? Wọ́n ní Kẹ́hìndé ni. Kẹ́hìndé wo? Kẹ́hìndé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tó ń bó àgbàdo? Mo pòṣé títí ẹnu fi gbẹ mí.

Ká ní ọmọ náà nìkan ló dá a ni, ǹ bá ti panu mọ́. Ìyá wọn ló so ìwé àṣẹ Kẹ́hìndé mọ́ etí ìró wá sí pápá! Ó tú u bí ẹni tó fẹ́ san owó ata, ó fi lé kóòṣì lọ́wọ́. Kóòṣì mọ̀. Alága ẹgbẹ́ mọ̀, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì sì ni o, ó ń fi áńkáṣíìfù bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àwọn onízẹ́mì tó gbé alùpùpù wọn sí etí pápá mọ̀, wọ́n ń ké "Kẹ́hìndé! Kẹ́hìndé!", wọ́n sì ń ṣẹ́jú síra wọn. Obìnrin tó ń ta ọtí tchoukoutou gan-an mọ̀. Họ́wù! Ẹ̀wà tí a ń sè fún ìbejì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣé kí ojú tó jọra lè di ohun tí a fi ń tan rẹfirí jẹ ni?

Àwọn tí Ọlọ́run kò fún ní ìkejì náà ń dá ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n á fárí. Wọ́n á yá ìwé ọ̀rẹ́ tó ti lọ wáṣẹ́ ní Lomé. Mo ti rí ọ̀kan tí àwòrán ara rẹ̀ ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ó lè jẹ́ tèmi pàápàá.

Kí sì ni wọ́n ní kí Táyé ṣe tó pọ̀ jù? Kó jókòó ni. Ẹni tó bá gba káàdì pupa kò gbọdọ̀ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ṣe wúwo tó ni ìjìyà ṣe ń lé sí i. Nínú ìwé ìbáwí FIFA, ẹni tó bá lu alátakò rẹ̀ á jókòó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 ó kéré tán. Ẹni tó bá na rẹfirí, 15. Ẹgbẹ́ tó bá sì kó ẹni tí wọ́n ti fòfin dè wọ pápá, góòlù 3 sí òdo ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn, ì báà jẹ́ pé òun ló borí. Wọ́n mọ gbogbo èyí. Ẹgbẹ́ kejì náà mọ̀, wọn ò kọ ẹ̀sùn kankan, torí ọmọ tó wọ nọ́ńbà 8 lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ tó ń jẹ́ lórí pápá kọ́ ni wọ́n fi ń pè é lọ́jà. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, bọ́ọ̀lù àdúgbò lásán ni." Lásán? Jean-Paul Abalo ni balógun ẹgbẹ́ Tógò nígbà tí a lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a tíì lọ, ní Jámánì lọ́dún 2006. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹfà, ní Frankfurt, góòlù Mohamed Kader ti mú wa ṣíwájú South Korea. Ó di ìṣẹ́jú 53, Abalo gba yẹ́lò kejì, ó jáde. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé kalẹ̀ torí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbá wọlé lójú ẹsẹ̀. 2 sí 1 ni wọ́n nà wá gbẹ̀yìn. Nígbà tí a pàdé Switzerland ní Dortmund lọ́jọ́ 19, Abalo kò sí lórí pápá. Balógun o! Ẹnikẹ́ni ò lọ wá àbúrò tó jọ ọ́. Kí ẹ sì gbọ́ o, Graham Poll, rẹfirí ará England tó lé e, yẹ́lò 3 lòun náà fún ọkùnrin kan ṣoṣo nígbà tí Croatia àti Australia pàdé, kó tó rántí lé e jáde. Òun náà ò rí ìdíje yẹn bá dópin. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ẹ tún wo Emmanuel Adebayor, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé. Ní oṣù Kọkànlá 2012, ó gbá góòlù sáwọ̀n Arsenal, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ní ìṣẹ́jú 10. Kó tó di ìṣẹ́jú 19, ó ti já lu Cazorla, agbábọ́ọ̀lù Arsenal, ó ti gba pupa, ó ti ń bọ́ bàtà. 5 sí 2 ni wọ́n na Tottenham tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 ló fi jókòó, tòun ti òkìkí rẹ̀.

Ẹni tó jọ pé àwọn ọmọ wa ń wò kọ́ṣe ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, ẹgbẹ́ kan wọ pápá ní Bahrain, wọ́n ní Tógò làwọn. Bahrain nà wọ́n 3 sí òdo. Josef Hickersberger, kóòṣì Bahrain, ló ṣàròyé pé àwọn wọ̀nyí ò ní èémí tó ìṣẹ́jú 90. Wọ́n bi àjọ bọ́ọ̀lù wa léèrè, wọ́n ní àwọn ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ayédèrú pátápátá! Ta ló kó wọn lọ? Tchanilé Bana, ẹni tó ti ṣe kóòṣì àgbà fún Tógò rí. Ẹ dúró, ẹ má tíì pòṣé: lásìkò yẹn gan-an, ìjìyà ọdún 2 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, torí ó ti kó àwọn kan lọ sí ìdíje ní Íjíbítì láìgbàṣẹ. Ẹni tí wọ́n ní kó jókòó ló dìde lọ wọ bàálù! Wọ́n tún gbé ọdún 3 lé e lórí.

Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fìyà tí kò tọ́ jẹ wá. Ní oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n yìnbọn lu bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa tó ń lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní Cabinda ní Àǹgólà, èèyàn wa kú, a fi ìdíje náà sílẹ̀, CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, sì ní a ò gbọdọ̀ bá wọn dé ìdíje 2 tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa ké pé ìyà láìṣẹ̀ ni. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó mú un kúrò. Ẹkún yẹn ò tíì gbẹ lójú wa tí Bana fi kó ayédèrú wọlé ẹni ẹlẹ́ni.

Mo ti sọ jù. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Ìyá Ìbejì wá ra ọṣẹ, ojú rẹ̀ ò dùn. Ó ní Kẹ́hìndé gba káàdì pupa. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, Kẹ́hìndé ni àbí Táyé tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé?" Ó wojú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Àwọn méjèèjì ló wà lábẹ́ ìjìyà báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé ò kan bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ yẹn. Bó ṣe ń ka owó, ó rọra bi mí bóyá mo mọ ẹnì kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìbí. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ti Ìdòwú ni, àwọn fẹ́ kí ọjọ́ orí rẹ̀ gòkè díẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú.