Òkè Kò Mọ Ọmọ Ìdànrè

Euless tí à ń gbé ní Texas, láàárín Dallas àti Fort Worth, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ohun tó ga jù tí ojú wa ń rí ni afárá ọ̀nà 183 àti bàálù tó ń bọ́ sí pápákọ̀ DFW, nítorí apá kan pápákọ̀ náà wọ inú ìlú wa. Ẹni tó bá ń gbé irú ibẹ̀ lè fi òkè yangàn bó ṣe wù ú, kò sí ohun tí yóò já irọ́ rẹ̀.

Èmi sì yangàn. Ọmọ Ìdànrè ni mí, kò sí òde ìnáwó Yorùbá kan ní agbègbè wa tí n kò ti sọ ọ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní 660 ni wọ́n fi ń gun Òkè Ìdànrè, ibùsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, mo sì máa ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Èyí tí n kì í sọ ni pé ibùsinmi kejì ni mo dé nígbà tí àwọn tíṣà kó wa lọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi gòkè dé orí, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

Àbúrò ìyàwó mi ló kó bá mi. Ó wá kí wa láti Houston nínú oṣù Keje, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè, ẹ mú wa lọ gun ọ̀kan." Ìyàwó mi wò mí. Àwọn ọmọ wa náà wò mí. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Cedar Ridge Preserve wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Dallas, igbó òun òkè tó tó nǹkan bí 600 éékà, àwọn Audubon Dallas ló ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ètò mi ni pé ká débẹ̀ ní kùtùkùtù, ká tọ ọ̀nà kúkúrú lọ sí adágún Cattail Pond, ká jẹun létí omi, ká sì padà sílé kí oòrùn tó mú.

Aago mọ́kànlá la débẹ̀. Móínmóín ló dá wa dúró. Ìyàwó mi ní kò tíì jinná, èmi náà sì ní n kò ní gun òkè láìsí móínmóín. Nígbà tí a fi gba ọ̀nà 360 bọ́ sí ọ̀nà 20, tí a yà sí Mountain Creek Parkway, oòrùn Texas ti jí, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun. Èmi ni mo gbé kúlà. Móínmóín wà nínú rẹ̀, ẹran díndín wà, Maltina tútù wà. Omi wà lórí tábìlì ilé ìdáná ní Euless.

Pátákó kan wà níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ya gbogbo ọ̀nà inú igbó náà sí. Ìyàwó mi dúró tì í, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà kiri. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ, pé ọmọ olókè kì í ka pátákó. Níbi tí ọ̀nà ti pín, mo yan èyí tó gòkè, ṣebí òkè la bá wá. Cedar Brake Trail ni mo yàn, èyí tó le jù níbẹ̀.

Wọ́n ní òkè náà fi ẹsẹ̀ bàtà 755 ga ju ojú òkun lọ. Ṣùgbọ́n a kò ti ojú òkun bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a fi ẹsẹ̀ wa gùn kéré jọjọ sí i, ìyẹn gan-an ló bu ìtìjú kún ọ̀rọ̀ mi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà náà kì í gòkè lẹ́ẹ̀kan kó sinmi. Á gòkè, á sọ̀ sí kòtò, á tún gòkè. Igi tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ẹfun ni àtẹ̀gùn rẹ̀. Àwọn igi kédárì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kúrú, ibòji wọn kò gba ewúrẹ́.

Sálúbàtà mi já. Mo tú móínmóín kan, mo jẹ ẹ́, mo fi ọ̀rá rẹ̀ so okùn sálúbàtà. Mo mu Maltina lé e, òùngbẹ sì wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí òùngbẹ ń gbé. Ìyá àgbà òyìnbó kan pẹ̀lú ajá rẹ̀ kọjá lára wa, ó ń lọ. Nígbà tó yá ó tún kọjá, ó ń bọ̀. Ó bi mí bóyá ara mi le. Mo ní ìran là ń wò. Igi nìkan ló wà níwájú wa.

Ooru wá mú débi pé mo já ewé kan tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mẹ́ta mẹ́ta ló so pọ̀, mo fi ń fẹ́ ojú àti ọrùn. Mo já tirẹ̀ fún àbúrò ìyàwó mi. Ó ní òun kò fẹ́. Ọmọ náà gbọ́n.

"Dádì, a ti rí òkúta yìí lẹ́ẹ̀kan." Mo ní òkúta máa ń jọra. Ìyàwó mi kò wí nǹkan kan, ìdákẹ́ rẹ̀ sì kò dára. Ó yọ fóònù rẹ̀. Ó ti ya pátákó ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ní fọ́tò nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ọmọ olókè! Òun ló ṣáájú wa jáde, èmi ń gbé kúlà bọ̀ lẹ́yìn. Adágún tí a torí ẹ̀ lọ, n kò fojú kàn án.

Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí ara ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí ọwọ́, ọrùn àti ojú mi lé ròrò. Màmá mi lórí fóònù láti Ìdànrè béèrè ẹni tí mo bá jà níbi iṣẹ́. Dókítà kò béèrè ọ̀tá, ó béèrè igbó. Poison ivy ni wọ́n ń pe ewé náà, òróró ara rẹ̀ ló ń ṣọṣẹ́. Wèrèpè tiwa sàn jù ú lọ, nítorí wèrèpè á jẹ́ kó o mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí á jẹ́ kó o délé, kó o sùn, kó o jí. Ìdílé kan náà lòun àti máńgòrò àti kajú. Mo wo máńgòrò tó wà lórí tábìlì wa, mo ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú mi.

Àbúrò ìyàwó mi tún ti pè láti Houston. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ wá rí bí ọmọ Ìdànrè ṣe ń gun òkè. Mo ní kó kó wọn wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé Cedar Ridge náà la ó lọ. Wọn kì í ṣí Cedar Ridge lọ́jọ́ Mọ́ńdè.